Ọ̀rọ̀ tí àbúrò yín sọ nínú ọkàn rẹ̀ kó tó dé kẹ́míìsì

Ìbéèrè

"Ẹ káàsán o, Dókítà. Àbúrò mi ọkùnrin ń gbé lọ́dọ̀ èmi àti ọkọ mi ní Kubwa, l'Ábùújá níbí. Ọmọ ọdún 31 ni, jẹnẹrétọ̀ ló ń tún ṣe ní Dei-Dei. Tramọ́, ìyẹn tramadol, oògùn apàrora, ti di bárakú fún un láti bí ọdún mẹ́rin. A gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó gba ìtọ́jú, oṣù méje gbáko ni kò sì fọwọ́ kàn án. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, a wá 40,000 náírà tì nínú ilé, ọkọ mi bi í bóyá ó rí i. Kò dáhùn, ó kàn wọ bàtà, ó jáde. Aago mọ́kànlá òru ló tó wọlé, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ọjọ́ kejì la rí owó náà nínú mọ́tò ọkọ mi. Láti ìgbà yẹn, ó ti tún lò ó lẹ́ẹ̀mẹta sí i. Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ fi dà á rú? Ṣé ọkàn rẹ̀ ni kò le ni? Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ní Ìlọrin ní ká mú un lọ síbì kan tí wọ́n á ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é fún oṣù mẹ́ta. Èmi ni Ìyá Ìbejì, Kubwa."

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú. Mo ka lẹ́tà yín tó ìgbà mẹ́ta, ibi tí ojú mi sì ń dúró sí ni ibi tí ẹ ti ní, "Kò dáhùn, ó kàn wọ bàtà, ó jáde." Ibẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè yín wà. Ẹ gbọ́ ìbéèrè tí ọkọ yín bi í, ẹ rí àbúrò yín tó jáde. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì lẹ ò rí, torí inú rẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti ṣẹlẹ̀, kò sì pẹ́ ju kéèyàn so okùn bàtà lọ. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan fún ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló sìn ín dé kẹ́míìsì.

Kí n tó ṣàlàyé, ohun kan wà tí kò ṣeé fi falẹ̀. Ara àbúrò yín ti gbàgbé tramọ́ láàárín oṣù méje yẹn. Ìwọ̀n tó máa ń lò tẹ́lẹ̀ tí kò ṣe é ní nǹkan kan lè dá èémí rẹ̀ dúró báyìí, pàápàá bó bá pa á pọ̀ mọ́ ọtí tàbí oògùn oorun. Bó bá pọ̀ lára, ó tún máa ń fa gìrì. Bí ẹ bá bá a níbi tó ti ń sùn tí kò ṣeé jí, tí èémí rẹ̀ ń jáde díẹ̀díẹ̀, ẹ má da mílíìkì tàbí epo pupa sí i lẹ́nu o. Ẹ fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bó bá sì ti ń lò ó lójoojúmọ́, ẹ má fi dandan lé e pé kó já a lẹ́ẹ̀kan náà. Dókítà ló yẹ kó bá a dín in kù.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ inú ọkàn. Lẹ́yìn ọdún 1960, oníṣègùn ọpọlọ kan wà ní Philadelphia tó ń jẹ́ Aaron Beck, tó ń tọ́jú àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá fínra. Ó ṣàkíyèsí pé kí ìbànújẹ́ tó gbé wọn, èrò kan á ti kọ́kọ́ fò kọjá lọ́kàn wọn, kíákíá, tí àwọn fúnra wọn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ fura sí i. Èrò yẹn kì í wọlé bí ohun tó yẹ kéèyàn yẹ̀ wò. Bí òótọ́ pọ́ńbélé ló máa ń wọlé. Nígbà tó yá, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bá irú èrò bẹ́ẹ̀ lọ́kàn àwọn tí oògùn olóró ti di bárakú fún, ó sì máa ń tò tẹ̀lé ara wọn níbẹ̀. Ọ̀kan á ní, "Mi ò lè fara da èyí." Òmíràn á gbè é lẹ́sẹ̀, "Ẹyọ kan péré á mú ara mi balẹ̀." Èyí tó ń ṣílẹ̀kùn gan-an ló máa ń gbẹ̀yìn: "Lónìí nìkan ni. Ta ni wọ́n máa ṣe irú èyí fún tí kò ní lò ó?" Ẹni tó bá dé ẹnu ọ̀nà kẹ́míìsì ti gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ara rẹ̀ ná.

Ẹ wo Nyanya láago méje alẹ́, tí ọkọ̀ ò lọ tí kò bọ̀. Kọ́ńdọ́ bú èrò ọkọ̀ méjì nítorí ṣéńjì. Ọ̀kan ní nínú ara rẹ̀, "Ọmọ yìí ti ń pariwo láti àárọ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́." Inú bí i lóòótọ́, àmọ́ kó tó dé Mararaba ó ti gbàgbé. Èkejì ní, "Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé mi ò já mọ́ nǹkan kan." Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, àyà rẹ̀ gbóná, kò sì lè jẹun nígbà tó délé. Èébú kan náà làwọn méjèèjì jẹ. Ohun tí kálukú wí fún ara rẹ̀ ló yàtọ̀.

Àmọ́ ẹ má gbọ́ ọ pé mo ní èrò nìkan ni o. Ara náà ní ẹjọ́ tiẹ̀. Ọpọlọ wa máa ń ṣe èròjà tó ń pa ìrora fúnra rẹ̀, ó sì ní èyí tó ń jẹ́ kí inú èèyàn dúró déédéé. Tramọ́ máa ń gba iṣẹ́ méjèèjì ṣe. Bí ó bá pẹ́ tó ti ń bá a ṣe é, ọpọlọ á dẹwọ́, á fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún àlejò. Ọjọ́ tí àlejò bá lọ, iṣẹ́ á wà nílẹ̀ láìsí ẹni tó máa ṣe é. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́ kì í fi rí oorun sùn dáadáa, tí ariwo àwọn ọmọdé á máa dùn ún bí ẹni pé wọ́n ń lù ú. Ó lè tó oṣù bíi mélòó kan kí ó tó fúyẹ́. Apá ọpọlọ tó wà níwájú orí, tó máa ń sọ fúnni pé "ní sùúrù ná", kì í sì lágbára bí oorun ò bá tó. Nítorí náà, ìdáhùn sí ìbéèrè yín pé ṣé ọkàn rẹ̀ ni kò le ni: rárá. Ẹni tí ọrùn ṣì ń dùn lẹrù já lé lórí.

Ọkùnrin kan wà tí èmi àti ẹ̀ jọ ṣiṣẹ́ fún bí ọdún kan, wẹ́dà ni, ní ọ̀nà Karu. Ó fọwọ́ sí i pé kí n máa sọ ìtàn yìí, mo sì ti yí àwọn ohun tí wọ́n lè fi dá a mọ̀ padà. Mo ní kó ra ìwé ìléwèé kan, irú èyí tí wọ́n tẹ ìsọdipúpọ̀ sí lẹ́yìn, kó fa ìlà méjì sójú ewé kọ̀ọ̀kan. Apá kìíní, kí ló ṣẹlẹ̀? Apá kejì, kí lo wí nínú ara rẹ? Apá kẹta, báwo ló ṣe rí lára rẹ? Ó ń mú un wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọwọ́ dúdú iṣẹ́ wẹ́dà ti lẹ̀ mọ́ igun ìwé náà. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lápá kẹta láti òkè délẹ̀. Lánlọ́ọ̀dù pè: inú bí mi. Oníbàárà ò sanwó: inú bí mi. Ìyàwó mi ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó yọ́ ohùn sílẹ̀ bí mo ṣe wọlé: inú bí mi.

Lọ́sẹ̀ kẹrin, mo fi ìka sórí ìlà kan. Ọmọ rẹ̀ obìnrin mú fọ́ọ̀mù iléèwé wá, ó bi í pé kí ni kí òun kọ síbi tí wọ́n ti béèrè iṣẹ́ bàbá, torí nígbà yẹn kò tíì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó jágbe mọ́ ọmọ náà. Mo bi í pé, "Ibo lára yín lẹ ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n?" Èmi rò pé àyà ló máa fọwọ́ kàn. Ojú ló fọwọ́ bò. Ó ní, "Ojú mi ló gbóná." Ó dákẹ́ títí, ó mú báírò, ó fagi lé "inú bí mi", ó sì kọ "ojú tì mí" sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn náà ló ṣí ìwé padà sẹ́yìn fúnra rẹ̀, ó ń fagi lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ju ìdajì lọ. Ó wò mí, ó ní, "Oníbìínú ni mo rò pé mo jẹ́, láti kékeré."

Mo ní kí ẹ fojú sí i torí pé èdè wa ti bá wa ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí. Ó fún ìmọ̀lára kọ̀ọ̀kan ní ilé tirẹ̀: inú ló ń bíni, ojú ló ń tini, àyà ló ń já, ọkàn ni kì í balẹ̀. Ẹni tí bárakú ti mú pẹ́ máa ń kó gbogbo wọn sínú àpò kan, ibi tí àpò náà sì máa ń lọ ò ju ọ̀kan lọ. Bẹ́ẹ̀, ìwòsàn wọn ò papọ̀. Ìbínú ń fẹ́ kéèyàn sọ̀rọ̀ síta. Ìtìjú ń fẹ́ kẹ́nìkan jókòó tini. Ẹni tó bá pe ìtìjú ní ìbínú á máa bá àwọn tó yẹ kó jókòó tì í jà. Lọ́dún 2007, onímọ̀ nípa ọpọlọ kan, Matthew Lieberman, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Los Angeles fi ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ wò ó, wọ́n rí i pé bí èèyàn bá ti lè fi ọ̀rọ̀ pe ìmọ̀lára tó rí lójú ẹlòmíràn, apá ọpọlọ tó máa ń ta gìrì sí ewu á rọlẹ̀. Pípè é lórúkọ nìkan ni wọ́n ṣe o, wọn ò tíì wá ojútùú kankan.

Òwe wa kan wà tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọkùnrin wa ní Àbújá níbí ju gbogbo òwe yòókù lọ: ikú yá ju ẹ̀sín. Àwọn tó ti Ìlọrin, Ọ̀ffà, Ògbómọ̀ṣọ́ wá wáṣẹ́ ni, tí ará ilé ń retí lọ́dún Iléyá tàbí Kérésì, tí wọn ò lè fọwọ́ lásán wọlé. Àwọn baba wa fi òwe yẹn kọ́ni pé ká má hùwà tó máa mú ẹ̀sín wá. Wọn ò sọ pé kẹ́ni tí ẹ̀sín ti bá lọ kú. Àmọ́ bí ọkùnrin bá ń wí i fún ara rẹ̀ lálaalẹ́, ìtìjú á di ohun tí ara ò gbọdọ̀ gbà rárá, tramọ́ á sì dà bí ohun kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ bi àbúrò yín, lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ bá balẹ̀, bóyá ó ń wí i.

Ẹ padà sí "kò dáhùn" yẹn. Púpọ̀ nínú wa ló máa yìn ín pé ó ní sùúrù. James Gross, onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí èèyàn bá gbé ìmọ̀lára mì. Ojú á dákẹ́ o, ìmọ̀lára burúkú yẹn ò sì ní dín kù nínú, ara á tún máa ṣiṣẹ́ sí i lábẹ́lẹ̀. Ohun tó ń dín in kù ni kéèyàn tún ọ̀rọ̀ náà wò kí ó tó gbóná tán. Bákan náà ni pé kéèyàn máa lé èrò oògùn lọ́kàn. Ẹ ti gbọ́ nípa oògùn tí wọ́n ní kẹ́ni tó fẹ́ lò ó má ṣe rántí ọ̀bọ, tó jẹ́ pé ọ̀bọ nìkan ló ń rántí ṣáá. Onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá mìíràn, Daniel Wegner, dán an wò ní Texas lọ́dún 1987, béárì funfun ló fi ṣe tiẹ̀, ibi kan náà ló sì já sí: àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n má ronú kàn án kò lè ṣe é kó má máa wọlé. "Má ronú nípa tramọ́" tí ẹ ń sọ fún un, ìfẹ́ lẹ fi ń sọ ọ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀bọ lẹ ń rán an létí.

Kí ló wá yẹ kó ṣe? Kó pe ọ̀rọ̀ náà lẹ́jọ́. Mo gbà pé ohun tó wí nígbà tó ń wọ bàtà jọ èyí: "Olè ni mo jẹ́ lójú wọn, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa rí títí ayé." Ẹ jẹ́ kó wá ẹlẹ́rìí fún un. Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ ilé yín lọ́wọ́? Ta lẹ ń rán sọ́jà? Bó bá ti gbọ́ ẹ̀rí tán, ọ̀rọ̀ tó máa kù á kéré, á sì jẹ́ òótọ́: "Wọ́n fura sí mi lónìí. Ó dùn mí. Mi ò mú owó náà." Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ìrora ṣì wà níbẹ̀. Èmi kì í fẹ́ kí wọ́n fi "gbogbo nǹkan á dára" rọ́pò rẹ̀, torí ọkàn tó ti jìyà kì í gba ìyẹn gbọ́. Ìrora tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ṣeé gbé sùn. Èyí tó ní "títí ayé" nínú ni kò ṣeé gbé.

Ẹ̀ẹ̀mẹta tó tún lò ó lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Èrò mìíràn ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, òun ni mo sì ń bẹ̀rù jù. Alan Marlatt, tó ṣiṣẹ́ lórí ọtí àti oògùn olóró fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Seattle, fi hàn pé ohun tó ń sọ àṣìṣe ẹ̀ẹ̀kan di ìpadàsẹ́yìn pátápátá ni àlàyé tí èèyàn bá ṣe fún ara rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Bó bá ní, "Mo ṣubú lálẹ́ àná torí wọ́n fẹ̀sùn kàn mí, mi ò sì tíì jẹun láti àárọ̀," ó ti rí ohun tó lè ṣàtúnṣe. Bó bá ní, "Irú èèyàn tí mo jẹ́ nìyẹn, oṣù méje ti ṣòfò," kí ló kù tó fẹ́ dáàbò bò? Oṣù méje ò ṣòfò o, Ìyá Ìbejì. Gbogbo alẹ́ tó sùn láìlò ó nínú oṣù méje yẹn, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń sùn láìlò ó. Ẹ sọ fún un, ní ohùn tó máa gbọ́.

Bí òùngbẹ tramọ́ bá dé sí i, Marlatt máa ń ní kéèyàn gùn ún bí ìgbì òkun. A ò ní òkun ní Àbújá. Òjò ni mo fi ń ṣe tèmi. Bí òjò ìrọ̀lẹ́ bá ká yín mọ́ ọjà Wuse, ẹ ò ní bá a jà, ẹ ò sì ní rò pé yóò rọ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ máa yà sábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù ni. Òùngbẹ náà máa ń ga ni, lọ́pọ̀ ìgbà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ kó tó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, bí èèyàn ò bá fún un ní ohun tó ń béèrè. Ẹ bá a wá "òrùlé" tirẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú: ẹni kan tó lè pè, ọ̀nà kan tí kò gba iwájú kẹ́míìsì kọjá. Kó má fi ebi sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ebi àti àìsùn ló ń bá èrò burúkú gbé àga wá kó lè jókòó.

Ní ti ìmọ̀ràn ẹ̀gbọ́n bàbá yín, ẹ fún wọn lọ́wọ̀ wọn, ẹ má sì gbà á. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ọlọ́pàá wọ ilé kan ní Rigasa, ní Kaduna, wọ́n bá ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkùnrin àti ọmọdékùnrin níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ara àwọn kan kún fún àpá. Àwọn ẹbí ló kó òmíràn nínú wọn lọ, nítorí oògùn olóró, tí wọ́n rò pé ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n ń ṣe. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lè di ọwọ́ mú fún oṣù mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ "mi ò já mọ́ nǹkan kan" á máa wí ara rẹ̀ lọ níbẹ̀ láìsí ẹni tó máa bi í léèrè, á sì tún ti rí ẹ̀rí tuntun.

Ẹ gbé e padà sílé ìwòsàn tó ti gba ìtọ́jú. Bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, ilé ìwòsàn yunifásítì tó wà ní Gwagwalada ní ẹ̀ka ìlera ọpọlọ, ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Barnawa ní Kaduna. Àjọ NDLEA tó ń gbógun ti oògùn olóró náà ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́ tí wọ́n ṣí lọ́dún 2022, 0800 1020 3040, àwọn agbaninímọ̀ràn ló wà níbẹ̀. Ẹ sọ fún dókítà pé ẹ fẹ́ ẹni tó máa bá a ṣiṣẹ́ lórí ìrònú rẹ̀ pẹ̀lú, kì í ṣe egbòogi nìkan. Bí ẹ bá sì ń rò pé ilé yín nìkan ni, ìwádìí tí ìjọba àti àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe lọ́dún 2018 rí i pé èèyàn bíi mílíọ̀nù 14.3 láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64 ló lo oògùn olóró ní Nàìjíríà láàárín ọdún kan. Ilé mélòó nìyẹn, ní Kubwa nìkan?

Ó ku ohun kan tí lẹ́tà yín ò mẹ́nu bà. Ẹ ní wọ́n rí owó náà nínú mọ́tò. Ẹ ò sọ pé ẹnikẹ́ni padà lọ bá àbúrò yín. Mo mọ̀ pé lójú wa, ó ṣòro kí bàbá ilé tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó kéré sí i, tó tún wá jẹ́ ẹni tó ń gbé lábẹ́ òrùlé rẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn àbúrò yín báyìí ò tíì rí ẹlẹ́rìí kankan tó takò ó, ọkọ yín sì ni ẹlẹ́rìí tó máa gbà gbọ́ jù. Ẹ má jẹ́ kó di ìpàdé ẹbí. Lálẹ́ tó bá ti Dei-Dei dé, ẹ bu oúnjẹ fún un ná. Bó bá ti jẹun tán, kí ọkọ yín lọ jókòó tì í, kó sì sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ tí kò gùn: "Inú mọ́tò mi ni owó yẹn wà. Èmi ni mo ṣì í. Má bínú." Kó má fi "ṣùgbọ́n" kankan kún un.